Ìka Tó Ń Ka Ímeèlì: Àgbéyẹ̀wò Ààbò Fáìlì Lórí Ẹ̀rọ Bíréèlì

Ojú ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ràn nípa ààbò ímeèlì fún. Wọ́n á ní kí o wo àwọ̀ líǹkì náà dáadáa, kí o gbé ọfà máòsì lé e kí o lè rí ibi tó ń lọ, kí o wo àwòrán àgádágodo lókè ojú ìwé, kí o yẹ àmì ilé-iṣẹ́ náà wò bóyá ó wọ́. Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tó ń ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ímeèlì lórí ẹ̀rọ akọ̀wé bíréèlì, èyí tí àwọn tó ni ín ń pè ní notetaker, kò ní máòsì, àwọ̀ kò sì kàn án. Sẹ́ẹ̀lì 18 tàbí 32 ló wà lábẹ́ ìka rẹ̀, ohun tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá ni gbogbo ayé tó rí. Bí fáìlì kan bá wá so mọ́ ímeèlì tó dé bá a láàárọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó yẹ ní ṣíṣí àti èyí tó yẹ ní pípa rẹ́?

Láàárín àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí, ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ní kòkòrò kọ̀ǹpútà kò lè wọ ẹ̀rọ bíréèlì, nítorí náà kò sí fáìlì tí èèyàn ò lè ṣí. Àwọn kejì ní kí èèyàn má ṣí fáìlì kankan tí kò bá retí, pàápàá jù lọ èyí tí wọ́n dì sínú ZIP. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ń tán lọ. Ìkejì kò ṣeé tẹ̀ lé rárá fún ẹni tó ń ka ìwé bíréèlì. Èrò tèmi ni pé ìka tó mọ bíréèlì kà lágbára láti dá ayédèrú mọ̀ ju bí àwọn tó ń kọ ìmọ̀ràn ààbò ti rò lọ, àti pé orí agbára yẹn ló yẹ kí a gbé ẹ̀kọ́ ààbò wa kà.

Ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí à ń sọ. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Deane Blazie ní Amẹ́ríkà gbé Braille 'n Speak jáde. Bọ́tìnnì bíréèlì àti ohùn ló ní; kò ní ojú tí ìka lè kà. Ní 2000, ilé-iṣẹ́ Pulse Data ti New Zealand gbé BrailleNote jáde, tó ń lo Windows CE, ímeèlì sì wà nínú rẹ̀. PAC Mate ti Freedom Scientific àti Braille Sense ti HIMS, ilé-iṣẹ́ Gúúsù Kòríà, rìn ní ọ̀nà kan náà. Ní 2016, BrailleNote Touch dé pẹ̀lú Android, BrailleSense Polaris àti BrailleSense 6 sì bá a lọ síbẹ̀. Orbit Reader 20 ní tirẹ̀ kò ní ímeèlì rárá. Káàdì ni wọ́n ń fi gbé fáìlì wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe yàtọ̀ síra báyìí ni ewu wọn ṣe yàtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìmọ̀ràn kan ṣoṣo kò fi lè bá gbogbo wọn mu.

Àwọn tó sọ pé kòkòrò kò lè wọlé, àwọn ẹ̀rọ Windows CE ni wọ́n fi kọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Lórí wọn, fáìlì tí wọ́n so mọ́ ímeèlì kì í dédé ṣí fúnra rẹ̀. O ní láti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sínú fódà, kí o tó fi áàpù ìkọ̀wé ṣí i, áàpù náà á sì kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, á fi ìtọ́ni àṣírí tó bá wà nínú fáìlì Word sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Fáìlì .exe tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò rí ibi dúró sí níbẹ̀. Ààbò gidi lèyí, mi ò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé àwọn oníṣẹ́ ibi ò bìkítà nípa ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí pé wọn ò lè wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Keje 2004, kòkòrò kan tí wọ́n pè ní Duts jáde fún Windows CE. Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe ni, débi pé kòkòrò náà máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ kí ó tó tàn kálẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Brador, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣe ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ẹni tó fẹ́ máa darí ẹ̀rọ náà láti ọ̀nà jíjìn.

Lórí Android, ìgbàgbọ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Fáìlì .apk tó ń yọ foonu lẹ́nu lè yọ BrailleSense lẹ́nu, nítorí ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ímeèlì kan bá gbé .apk wá, tó ní kí o lọ sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀rọ rẹ kí o fàyè gba áàpù tí kò ti Play Store wá, pa á rẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ bíréèlì kì í fi àtúnṣe ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àsomọ́ ímeèlì. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ wá a láti orí Wi-Fi, tàbí kí o lọ gbà á ní ojúlé ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìka ló wù mí jù láti sọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2000, ímeèlì kan tí àkòrí rẹ̀ jẹ́ ILOVEYOU jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines, ó sì tàn yí ayé ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Fáìlì tó gbé dání ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows ìgbà náà máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́, nítorí náà .TXT ni ojú àwọn èèyàn rí. Wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ lásán ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn àṣẹ tó wà nínú .vbs sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ yẹn sábẹ́ ìka ẹni tó ń ka bíréèlì ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀rọ tí kò fi ìrù orúkọ pamọ́. Yóò kan TXT, yóò kan àmì ìdádúró mìíràn, yóò sì kan vbs. Orúkọ tó ní ìrù méjì kì í fara pamọ́ fún ìka, àfi bí ìka bá dúró kó tó débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni adírẹ́sì. Àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn láti fi r àti n sí ibi tó yẹ kí m wà, nítorí pé lójú ẹni tó ń kánjú, rn á di m. Nínú bíréèlì, m jẹ́ dọ́ọ̀tì 1-3-4, r jẹ́ 1-2-3-5, n sì jẹ́ 1-3-4-5. Sẹ́ẹ̀lì méjì kò lè di ẹyọ kan lábẹ́ ìka. Lẹ́tà I ńlá àti l kékeré rí bákan náà nínú ọ̀pọ̀ ìkọ̀wé tójú ń kà, ṣùgbọ́n dọ́ọ̀tì 2-4 ni ti i, 1-2-3 ni ti l, nínú bíréèlì kọ̀ǹpútà, dọ́ọ̀tì 7 á tún wọ abẹ́ I ńlá láti fi títóbi rẹ̀ hàn. Nọ́ńbà 1 kò lè jọ l, nọ́ńbà 0 kò sì lè jọ o. Ibi tí etí ti máa ń ṣìnà pàápàá, ìka kì í ṣì í. Bí ohùn ẹ̀rọ bá ka facebook àti faceboook fún ọ, kò dájú pé wàá gbọ́ ìyàtọ̀. Bí ìka bá kan o mẹ́ta, ó ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń rọ ẹni tó ní ohùn àti bíréèlì lórí ẹ̀rọ kan náà pé kí ó pa ohùn nígbà tó bá fẹ́ yẹ adírẹ́sì tàbí orúkọ fáìlì wò.

Agbára yìí ní ibi tó ti máa ń já, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ka Grade 2, níbi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń dúró fún lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ bá gé adírẹ́sì kúrú báyìí, ìka ò ní ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́, àwòrán ọ̀rọ̀ ló ń kà, ohun tó sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á máa parí rẹ̀ fún un. Kí o yí i sí bíréèlì kọ̀ǹpútà tàbí Grade 1, níbi tí wọn kì í ti í gé ọ̀rọ̀ kúrú, kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo notetaker tí mo dárúkọ tó ní ojú bíréèlì ló ní ọ̀nà láti ṣe é. Òmíràn ni gígùn orúkọ. Ẹni ibi lè pe fáìlì ní "ìwé-owó.pdf", kó wá fi àlàfo tó tó ogójì sẹ́yìn rẹ̀, kó tó kọ .exe. Ojú bíréèlì tó ní sẹ́ẹ̀lì 18 á kún fún pdf àti àlàfo, á dà bí ẹni pé orúkọ ti parí. Ẹni tí kò bá tẹ̀ síwájú dé òpin gidi kò tíì ka orúkọ náà. Ibi kẹta tún wà: lẹ́tà а ti èdè Rọ́ṣíà rí gẹ́lẹ́ bí a tiwa, ohun tí ìka yóò sì kàn níbẹ̀ sinmi lórí tábìlì bíréèlì tí ẹ̀rọ ń lò. Ó lè gbé àmì àjèjì wá, ó sì lè gbé a. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá kan owó tàbí pásíwọ́ọ̀dù, má gba líǹkì inú ímeèlì kọjá rárá. Fọwọ́ ara rẹ tẹ adírẹ́sì tí o ti mọ̀.

Ní ti irú fáìlì, ọkàn mi balẹ̀ jù lórí .brf. Fáìlì ìwé bíréèlì gidi kò ní ju àmì 64 lọ, ìyẹn bátànì dọ́ọ̀tì mẹ́fà 63 pẹ̀lú àlàfo, wọ́n sì máa ń tò ó sí sẹ́ẹ̀lì 40 lórí ìlà, ìlà 25 lójú ewé. Kò sí ibi tí àṣẹ fún kọ̀ǹpútà lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Fáìlì .txt náà rí bẹ́ẹ̀. Fún .docx àti .pdf, ẹ̀rọ bíréèlì máa ń kó ọ̀rọ̀ wọn jáde ni, ewu wọn sì kéré lórí rẹ̀ ju orí kọ̀ǹpútà lọ. Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún ni .html tó bá wá gẹ́gẹ́ bí àsomọ́. Bí o bá ṣí i, á gbé ojú ìwé tó jọ ti báńkì tàbí ti ímeèlì rẹ jáde, á ní kí o tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Kò bìkítà bóyá Android lo ń lò tàbí Windows CE, nítorí ìwọ fúnra rẹ ni yóò fọwọ́ ara rẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ìwà ọ̀daràn tó ń jẹ́ jìbìtì kò nílò kòkòrò.

ZIP wá ńkọ́? Àwọn tó ní ká má ṣí i rárá ò mọ ibi tí ìwé wa ti ń wá. Bookshare, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Benetech dá sílẹ̀ ní 2002, máa ń di ìwé bíréèlì àti ìwé DAISY, irú ìwé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, sínú ZIP. BARD ti ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀. Lẹ́yìn Àdéhùn Marrakesh ti 2013 lórí ìwé fún àwọn tí kò ríran, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ìmúṣẹ rẹ̀ ní 2017, ọ̀nà tún ṣí sí i fún ìwé láti ré kọjá ààlà orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, fáìlì dídì sì ni púpọ̀ nínú wọn ń bá dé. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Èkó tàbí Ìbàdàn tí kò ríran sá fún ZIP, ìwé la ní kó sá fún. Kí a kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tú u ló dára: kí ó ṣẹ̀dá fódà òfìfo, kí ó tú ZIP sínú rẹ̀, kí ó ka orúkọ gbogbo ohun tó jáde dé òpin kí ó tó ṣí ìkankan. Nínú ìwé, irú nǹkan bíi .brf, .xml, .opf àti àwòrán ló yẹ kó wà. Bí ó bá kan .exe, .scr, .js tàbí .apk níbẹ̀, ìwé kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. ZIP tó ní pásíwọ́ọ̀dù, tí pásíwọ́ọ̀dù náà sì wà nínú ímeèlì kan náà, ó yẹ kí ó bani lẹ́rù: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń tì í pa kí ẹ̀rọ tó ń yẹ ímeèlì wò má bàa rí inú rẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí kì í sí lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kòkòrò, ewu ìwé tí kò ṣeé kà. Wọ́n fi PDF ránṣẹ́ sí ọ, àwòrán lásán ni, ẹ̀rọ bíréèlì kò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Kí lo máa ṣe? Àwọn kan á gbé e lọ sí ojúlé àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí tó ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán wà: RoboBraille, tó bẹ̀rẹ̀ ní Dẹ́ńmáàkì ní 2004, ń gba fáìlì láti inú ímeèlì, ó sì ń dá a padà ní bíréèlì tàbí ní ohùn. Ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn àti ìwé owó báńkì kò yẹ ní gbígbé fún ojúlé tí a kò mọ olówó rẹ̀. Ó sàn kí o dá ímeèlì padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́, kí o ní kó fi ọ̀rọ̀ gidi ránṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ní láti máa gbọ́ ọ títí yóò fi mọ́ wọn lára. Fífi pásíwọ́ọ̀dù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó bá ọ kà á burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí àṣírí tí èèyàn ra ẹ̀rọ bíréèlì láti pa mọ́ ló ń tú yẹn.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà tí ẹ̀rọ bíréèlì fi ń pàdé kòkòrò jù ni fláàṣì àti mẹ́mórì káàdì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí notetaker, á gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á fi káàdì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí fláàṣì gbogbo àdúgbò ti wọ̀ láàárọ̀ yẹn. Láti ìgbà kòkòrò tí wọ́n pè ní Conficker ní 2008 ni a ti mọ bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣe ń kó kòkòrò ran fláàṣì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù níbí ni èyí tó ń fi fódà pamọ́, tó ń fi ọ̀nà-àbùjá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀. Bí ìka bá kan .lnk lẹ́yìn orúkọ fódà rẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Notetaker kò ní bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ náà lè ṣì wà lórí káàdì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà olùkọ́ tí o fẹ́ gbé e fún ló kàn. Àwọn tó ń ríran kò tilẹ̀ ní í mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀nà àbáyọ kò wọ́nwó. Má ṣe gbé káàdì tí ìwé rẹ wà lórí rẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé láéláé. Ní fláàṣì kékeré kan tí kò ní ju iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ. Bí ó bá jẹ́ káàdì SD títóbi lo ní, fi ìka wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bọ́tìnnì pẹ́ńpẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń yọ́ sókè sódò. Bí o bá yọ́ ọ sísàlẹ̀, kúrò níhà ibi tí káàdì ń gbà wọ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà wọn á lè ka káàdì náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní lè kọ nǹkan kan sí i. Inú mi máa ń dùn sí bọ́tìnnì yìí. Kò ní àwọ̀, kò ní àwòrán, ìka nìkan ló tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ẹ̀rọ, ó sì jẹ mí lọ́kàn. Láti ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 2022, Google kò gbà kí ẹ̀rọ àtijọ́ fi pásíwọ́ọ̀dù lásán wọ Gmail mọ́. Ó di pé kí èèyàn ṣẹ̀dá pásíwọ́ọ̀dù onílẹ́tà 16 fún áàpù kan ṣoṣo, lẹ́yìn tó bá ti tan ìjẹ́rìísí onígbèésẹ̀ méjì. Ní 2023, Google Play Services fi Android 4.4 sílẹ̀, èyí tí BrailleNote Touch àkọ́kọ́ ń lò. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ lè ju dọ́là 5,000 lọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pààrọ̀ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá rí i rà, tàbí tí àjọ kan fi ta á lọ́rẹ, á lò ó títí bọ́tìnnì rẹ̀ á fi pá. Sí ẹni tó wà ní ipò yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó máa fi ẹ̀rọ náà ka ìwé, kí ó máa fi kọ̀wé, kí ó sì gbé ímeèlì àti báńkì kúrò lórí rẹ̀ lọ sórí foonu tó ń gba àtúnṣe lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ notetaker ló lè bá foonu sọ̀rọ̀ láti orí Bluetooth, tí ojú bíréèlì rẹ̀ á sì máa ka ohun tó wà lórí foonu. Ìka kan náà, bíréèlì kan náà, inú ilé tó láàbò.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo ẹrù yìí wà lórí ẹni tó ra ẹ̀rọ. Kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ ọ́ sára páálí, kí wọ́n kọ ọ́ ní bíréèlì, ọdún tí àtúnṣe ààbò yóò dópin. Kí ìwé ìlò ẹ̀rọ ní orí kan lórí ìrù orúkọ fáìlì, kí olùkọ́ bíréèlì sì kọ́ ọ pẹ̀lú Grade 2. Kí orúkọ fáìlì máa hàn pẹ̀lú ìrù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, láìjẹ́ pé èèyàn lọ wá a nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Kí adírẹ́sì ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́ náà sì máa yọ lódindi, dípò orúkọ tó fi pe ara rẹ̀, kí ìka tó kan bọ́tìnnì tó ń ṣí àsomọ́.